Ilé Apẹja Mẹ́wàá Tó Ra Ẹja Yìnyín

1

…bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì gbé bírò lé orí tábìlì, ó kọ ẹnu bírò náà sí ọ̀dọ̀ mi.

N kò fọwọ́ kàn án.


2

Orúkọ: Sùrájù Bámilóyè.
Ọjọ́ orí: mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.
Ibùgbé: Fọlá Àgòró, Ṣómólú.
Iṣẹ́: mo ti fẹ̀yìn tì.
Iṣẹ́ tẹ́lẹ̀: mo ń wọ ilé onílé, mo ń béèrè ohun tí wọ́n jẹ àti iye tí wọ́n rà á.
Ìyàwó: Sìkírátù. Ìyá Hameedat ni mo ń pè é.
Iye ènìyàn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan: méjì.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ọ́fíìsì wa fi ń mọ ohun tó ń jẹ́ ilé. Kì í ṣe òrùlé. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìkòkò ni. Àwọn tó bá ń jẹ nínú ìkòkò kan, ilé kan ni wọ́n.


3

Gbémisọ́lá ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ló ti wá. Ọjọ́ Ajé ló wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó mu omi tí a fún un, kò mu ún tán. Mo wo ife náà lẹ́yìn tó lọ.

Wọ́n ń ṣe ìwé kan: ohun tí àwọn ilé ń ná, àti ohun tí ìjọba ń ná, láti ogójì ọdún sẹ́yìn títí di ìsinsìnyí. Ìlà méjì lórí bébà, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìjọba. Wọ́n ti kó fọ́ọ̀mù àtijọ́ jáde nínú àpótí. Ó ní mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Etí ọ̀sà, Bàrígà, ọdún 1986.

Ó ní kí n fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú wọn. Ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní ọjọ́ Jímọ̀.

Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní ọ̀gá òun ni. Mo bi í pé ta ló rán ọ̀gá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín.


4

ÌWÉ TÓ FI SÍLẸ̀

ÌJẸ́RÌÍ OLÙWÁDÌÍ

Èmi . . . . . . . . . . . . . . . . . . jẹ́rìí pé mo dé ilé kọ̀ọ̀kan tí a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, pé mo fojú mi rí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, àti pé ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ohun tí mo kọ.

Àdúgbò: Etí ọ̀sà, Bàrígà.
Ilé: 1 sí 10.

Àkíyèsí: Ilé tí a kò bá jẹ́rìí sí yóò jáde kúrò nínú ìṣirò. Orúkọ olùwádìí rẹ̀ yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

Ìfọwọ́sí . . . . . . . . . . . . . . . . . .


5

Mo dé etí ọ̀sà lọ́dún náà. Òjò lé mi padà. Mo tún lọ ní ọjọ́ kejì, mo sì ṣe iṣẹ́ mi.


6

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó padà wá. Ó gbé fóònù sí àárín wa, ó ní òun fẹ́ gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Mo ní kó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún mi lórí bébà. Ó mú un wá. Òun nìyí.

GBÉMISỌ́LÁ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí nǹkan kan. Ilé kìíní. Iṣẹ́ baálé: apẹja.

BÁMILÓYÈ: Etí ọ̀sà ni. Ṣé kòkó lo fẹ́ kí wọ́n máa gbìn?

GBÉMISỌ́LÁ: (ẹ̀rín) Ilé kejì, apẹja. Ìkẹta, apẹja. Títí dé ìkẹwàá.

BÁMILÓYÈ: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

GBÉMISỌ́LÁ: Ẹja tí wọ́n jẹ lọ́sẹ̀ yẹn, sà. Gbogbo wọn ló rà á. Ẹja yìnyín. Kílò méjì méjì. Apẹja mẹ́wàá, Bàbá. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó pa ẹja jẹ nínú wọn?

BÁMILÓYÈ: Ẹja kì í jáde lójoojúmọ́.

GBÉMISỌ́LÁ: Bẹ́ẹ̀ ni sà. Gbogbo wọn tún ra ewùrà.

BÁMILÓYÈ: Kí ni ewùrà ṣe?

GBÉMISỌ́LÁ: Kò ṣe nǹkan kan sà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí ìyá mi sí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ewùrà ṣe. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Àmọ́ Ìlàjẹ pẹ̀lú Ẹ̀gùn ló wà létí ọ̀sà yẹn. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ará ibo ni yín?

OHÙN OBÌNRIN, LÁTI IBI ÌDÁNÁ: Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Kí ló dé?

BÁMILÓYÈ: Pa nǹkan yẹn.


7

Mo yọ èyí kúrò.


8

LÁTI INÚ ÀWỌN FỌ́Ọ̀MÙ NÁÀ

ILÉ KÌÍNÍ. Ẹja yìnyín, kílò méjì. Ewùrà ńlá, ẹyọ kan. Ìrẹsì, kóńgò méjì. Epo pupa, ìgò kan. Kẹrosín, gálọ́ọ̀nù kan.

ILÉ KẸRIN. Ẹja yìnyín, kílò méjì. Ewùrà ńlá, ẹyọ kan. Ìrẹsì, kóńgò méjì àbọ̀. Epo pupa, ìgò kan. Kẹrosín, gálọ́ọ̀nù kan.

ILÉ KẸSÀN-ÁN. Ẹja yìnyín, kílò méjì. Ewùrà ńlá, ẹyọ kan. Ìrẹsì, kóńgò mẹ́ta. Epo pupa, ìgò kan àbọ̀. Kẹrosín, gálọ́ọ̀nù kan.

Mo ń yí ìrẹsì padà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà jọra.

N kò rántí yí ẹja.


9

Irọ́ ni nọ́ńbà karùn-ún. Òjò kò rọ̀.

Orí afárá pákó ni ènìyàn ń gbà dé ilé wọn. Omi wà nísàlẹ̀, dúdú. Mo wọ ṣòkòtò funfun. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kìíní nígbà tí pákó kan ṣẹ́, mo rì dé ìbàdí. N kò mọ omi wẹ̀. Obìnrin kan tó ń yan ẹja na igi sí mi, ó fà mí gòkè. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé yòókù yọjú, wọ́n bá a rín in. Ó ní, "Ìjọba wá wẹ̀."

N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Mo lọ sílé. Ìyàwó mi jókòó, ó ń ka ohun tó rà lọ́sẹ̀ náà fún mi bó ti máa ń ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba pín ẹ̀rọ omi fún àdúgbò tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n wò. Etí ọ̀sà kò gba ọ̀kan. Òpópónà tiwa gba ọ̀kan.

Mo mu nínú rẹ̀.


10

LÁTI INÚ ÌWÉ TÍ WỌ́N FẸ́ TẸ̀, OJÚ EWÉ KAN TÍ GBÉMISỌ́LÁ FI HÀN MÍ

"Etí ọ̀sà, Bàrígà. Ìnáwó ilé lórí oúnjẹ: ó ga ní 1986. Ó já wálẹ̀ gan-an ní ìwádìí tó tẹ̀ lé e, kò sì tíì gòkè padà. Àwọn olùgbé ibẹ̀ ti já láti ipò ọrọ̀ bọ́ sínú àìní."

Wọn kò já láti ibì kankan. Èmi ni mo gbé wọn sókè.


11

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ORÍ FÓÒNÙ. ỌJỌ́RÚ, ÀÁRỌ̀

Gbémisọ́lá: Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú nípa àná. Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ fi ìwé yìí pín omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn kéékèèké. Àdúgbò tí ìnáwó ilé rẹ̀ ti kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà. Tí fọ́ọ̀mù mẹ́wàá yín bá dúró, á jẹ́ pé etí ọ̀sà ti jẹun yó rí. Wọn ò ní sí lára àwọn tó máa kọ́kọ́ gbà.

Mo tún ka gbólóhùn kan níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò wá dájọ́ kì í sọ pé òun kò wá dájọ́.

Bámilóyè: Pẹ́ńṣọ̀n mi ńkọ́?

Gbémisọ́lá: Mi ò rò pé ó kàn án sà.

Kò sọ pé kò kàn án. Ó ní òun kò rò.

Gbémisọ́lá: Ọ̀gá, ẹ ṣì ní sùúrù. Bàbá yẹn mọ nǹkan, kò fẹ́ sọ ni. Mo rò pé ilé ló jókòó sí tó kọ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ tí a bá kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé, ojú á tì í, ó ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣe dọjọ́ Jímọ̀.

Gbémisọ́lá: Háà. Ẹ má bínú sà. Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ sí.

N kò gbà pé ó ṣèèṣì.


12

ÒPÓPÓNÀ WA. Mo fi ọwọ́ mi kọ èyí, láti orí. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n kọ ọ́.

                              ÌJỌBA ń sanwó              ILÉ ń sanwó

Omi                       1987 sí 1990                  láti 1990
Ìdọ̀tí kíkó            títí di 1994                    láti 1994
Ọdẹ àdúgbò        kò sí                                láti 1992
Ìwé àwọn ọmọ     Hameedat                       àwọn ọmọ Hameedat
Iná                         ní orúkọ                          ní tòótọ́
Títì                         títì náà                            ihò inú rẹ̀

Ìlà ilé ń gòkè nínú ìwé wọn. Ìyẹn yé mi. Ohun tí ìjọba sọ̀ kalẹ̀ ni àwa gbé.

Ìlà kejì, ti ìjọba, ni kò yé mi. Ó yẹ kí ìyẹn máa sọ̀ kalẹ̀. Òun náà ń gòkè.

Kí ni wọ́n ń rà?

Mo fi èyí ránṣẹ́ sí Gbémisọ́lá. Ó ní ẹnìkan ló ń mójú tó ìlà kọ̀ọ̀kan, pé ìlà ilé ni tòun.


13

Ọjọ́rú, ọ̀sán. Mo sọ fún Ìyá Hameedat. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo fi sọ ọ́. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò dúró.

"Ṣé ọbẹ̀ tèmi ni ilé mẹ́wàá jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìjọba sì gbà á?"

"Wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé."

"Ẹ wá gbọ́ o. Wọ́n á tún máa pe ará Ìjẹ̀bú ní ahun."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

"Bàbá Hameedat. Iye tí mo máa ń kà fún yín nígbà yẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo máa ń fi lé e."

"Èló?"

"Ó wà lọ́wọ́ bí ojú yín bá ṣe rí lọ́jọ́ náà."

Mo bi í nípa ẹja. Ó ní kílò kan ni. Kílò kan ló máa ń jẹ́. Mo bi í nípa ewùrà. Ó ní ewùrà wà lóòótọ́, ìyá òun ló ń fi í ránṣẹ́ láti ilé, òun kì í rà á.


14

Ìyá Hameedat ní kí n kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀, kí n má sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

"Gbogbo obìnrin tí mo mọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ máa ń béèrè èló ni iyọ̀. Ta ló ń béèrè èló ni iyọ̀? Páànù tó wà lórí ilé yìí, mo sọ fún yín pé àjọ ni mo kó. Kò sí àjọ kankan. Ẹja ni. Ewùrà ni. Ẹ ti ń sùn lábẹ́ ẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógójì, òjò kò pa yín. Tí ìjọba bá fẹ́ mọ ibi tí owó ń lọ nínú ilé, ẹnu ọkọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti béèrè. Mo ti parí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo àwọn nǹkan inú ilé. Àga. Fáànù. Aago ara ògiri. Mo ń bi ara mi pé irọ́ wo ló ra èyí.


15

Ìṣirò.

Irọ́ tí mo pa: mẹ́wàá.
Ohun tí mo fi pa wọ́n: irọ́ kan.
Òótọ́ tó wà nínú ìlà náà ní etí ọ̀sà, ọdún 1986:


16

Ọjọ́bọ̀. Mo lọ sí Bàrígà. N kò sọ̀ kalẹ̀ dé orí afárá. Mo dúró sí orí ilẹ̀ gbígbẹ, mo ń wò.

Nọ́ńbà wà lára àwọn ilé náà. Ọ̀dà pupa. 1. 2. 3. Ó tẹ̀ léra dé inú omi.

Ọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wà níbẹ̀, Godspower ni wọ́n pè é. Ó ń sọ Yorùbá dáadáa. Mo bi í pé ta ló kọ nọ́ńbà. Ó ní àwọn kan. Mo bi í pé àwọn wo.

Ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Àwọn tó wọ bàtà bíi tiyín, Bàbá."

Ó sọ ìyókù fún mi láìgbé ojú sókè. Ní àdúgbò kejì, nínú oṣù kẹta, àwọn kan wá kọ nọ́ńbà, wọ́n béèrè iye ènìyàn, wọ́n kọ orúkọ. Wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ ni. Nínú oṣù karùn-ún, katapílà dé. Ó ní láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń dá ẹni tó mú bébà dání lóhùn níbí.

Mo fi ìwé tó wà lọ́wọ́ mi sínú agbádá. Ó rí mi.


17

Bí mo bá fọwọ́ sí i, ilé mẹ́wàá yóò dúró. Wọ́n ti jẹun yó rí. Wọn kò ní rí omi. Orúkọ mi yóò mọ́.

Bí n kò bá fọwọ́ sí i, ilé mẹ́wàá yóò jáde. Kò ní sí ẹnikẹ́ni ní etí ọ̀sà ní 1986. Fọ́ọ̀mù mi nìkan ló wà tó sọ pé àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn lórí rẹ̀ ní 1986, ta ni yóò ní òun ló ni ín?

Irọ́ mi nìkan ni ẹ̀rí wọn.

N kò mọ̀ bóyá Gbémisọ́lá mọ èyí. N kò mọ̀ bóyá ìdí tó fi wá gan-an nìyẹn.


18

ORÍ FÓÒNÙ. ỌJỌ́BỌ̀, Ọ̀SÁN. Èmi ni mo pè é. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀.

BÁMILÓYÈ: Bí ẹnìkan bá lọ béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí ńkọ́?

GBÉMISỌ́LÁ: 1986 ti lọ, sà. Fọ́ọ̀mù òní ò lè wọ inú ìlà àná.

BÁMILÓYÈ: Bí ó bá fi hàn pé àwọn kan náà ṣì wà níbẹ̀?

GBÉMISỌ́LÁ: Ìyẹn ò lè jẹ́ nọ́ńbà, Bàbá. Àmọ́ ó lè jẹ́ àlàyé. Mo lè fi àlàyé sísàlẹ̀ ìwé: pé ìnáwó wọn kò dájú, ṣùgbọ́n pé ilé wà, ènìyàn wà. Orúkọ yín á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Mi ò lè yọ ìyẹn.

BÁMILÓYÈ: Mélòó lo nílò?

GBÉMISỌ́LÁ: Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sà. Iye ènìyàn inú ilé kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu wọn. Kí aago méjì tó lù lọ́la.

BÁMILÓYÈ: Kí ni wọ́n fẹ́ fi iye ènìyàn ṣe lẹ́yìn náà?

GBÉMISỌ́LÁ: Èmi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, sà.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbà á gbọ́.


19

Ìlànà tí wọ́n fi kọ́ wa lọ́dún tí mo wọṣẹ́: Kọ ohun tí wọ́n sọ. Má kọ ohun tí o rí.


20

Ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Hameedat bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo sọ fún un. Ó wọ bàtà rẹ̀. Mo ní kó dúró sílé. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn tó jẹ ọbẹ̀ òun.


21

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀. ETÍ Ọ̀SÀ, BÀRÍGÀ. Mo fa ìlà sí àárín ojú ewé. Apá kan fún ohun tí wọ́n sọ. Apá kejì fún ohun tí mo rí. Wọn kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

ILÉ KÌÍNÍ.
Wọ́n sọ: Obìnrin arúgbó. Ó ní òun kì í ṣe ará ibí, àlejò ni òun. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti àárọ̀.
Mo rí: Ó ń yan ẹja. Èéfín ti pa ògiri rẹ̀ dúdú dé òrùlé. N kò mọ̀ bóyá òun ni obìnrin ọjọ́sí. N kò bi í.

ILÉ KEJÌ.
Wọ́n sọ: Àwọ̀n náà kì í ṣe tòun.
Mo rí: Ó ń tún un ṣe.

ILÉ KẸTA.
Wọ́n sọ:
Mo rí: Ìkòkò lórí iná. Ó ń hó. Àwo márùn-ún.

ILÉ KẸRIN.
Wọ́n sọ: Àwọn kì í jẹun níbí. Ní ibòmíràn ni àwọn ti ń jẹun. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń pè ní orúkọ.
Mo rí: Ìyá kan gbé ọmọ sí ẹ̀yìn. Ọmọ náà ń jẹ ẹja.

ILÉ KARÙN-ÚN.
Wọ́n sọ: Obìnrin kan, Munirat. Ó ní òun yóò dáhùn bí mo bá kọ́kọ́ dáhùn. Kí ni mo jẹ láàárọ̀? Mo ní ògì àti àkàrà. Èló? N kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Hameedat pe iye kan.
Mo rí: Mo wo ojú Ìyá Hameedat. Munirat náà wò ó. Munirat ní, "Mọ́mì, ìyẹn ti pọ̀ jù." Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ẹni tó ti mọra tẹ́lẹ̀. Munirat ní kí n kọ ènìyàn mẹ́rin.

ILÉ KẸFÀ.
Wọ́n sọ:
Mo rí: Òpó igi mẹ́rin nínú omi. Kò sí ilé lórí wọn mọ́. Ẹyẹ kan.

ILÉ KEJE.
Wọ́n sọ: Munirat ló ké sí wọn láti ẹ̀yìn mi, ní èdè tí n kò gbọ́. Wọ́n ní mẹ́jọ. Wọ́n ní kí n má kọ orúkọ.
Mo rí: Mẹ́jọ. N kò kọ orúkọ.

ILÉ KẸJỌ.
Wọ́n sọ: Ta ló rán mi? Mo ní ẹnikẹ́ni kò rán mi. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló burú jù.
Mo rí: Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

ILÉ KẸSÀN-ÁN.
Wọ́n sọ: Márùn-ún. Baba wọn ló kọ́ ilé náà. Mo bi wọ́n lọ́dún wo. Wọ́n ní ọdún tí ọ̀sà gba ọkọ̀ Ògúnmọ́lá. Mo bi wọ́n lọ́dún wo nìyẹn. Wọ́n ní mo ti sọ pé akọ̀wé ni mí, kí n lọ wá a.
Mo rí: Pákó ìsàlẹ̀ ti dàgbà jù mí lọ.


22

Ilé kẹwàá ló jìn jù. Ìyá Hameedat dúró lọ́dọ̀ Munirat, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iye tí ẹja ń jẹ́. Èmi nìkan ló lọ. Mo di okùn mú. Wọ́n ti ń kírun Jímọ̀ ní òkè, mo gbọ́ ọ láti orí omi.

Ilẹ̀kùn tì. Mo kàn án.

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú.

"Kò sí ẹnikẹ́ni nílé."

Mo dúró. Mo sọ orúkọ mi fún ilẹ̀kùn náà. Mo ní ó yẹ kí n ti wá ní 1986. Mo ní mo kọ nípa wọn láìdé ibẹ̀, àti pé ohun tí mo kọ kò ṣe wọ́n lóore. Mo ní ọ́fíìsì fẹ́ pa á rẹ́ lónìí, àti pé bí wọ́n bá pa á rẹ́, n kò mọ ẹni tí yóò sọ pé wọ́n wà. Mo ní èmi náà kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe. N kò ṣèlérí omi. N kò ṣèlérí nǹkan kan.

N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò mi. Gbémisọ́lá ni. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Mo ní, "Ènìyàn mélòó ni kò sí nílé?"

"Mẹ́fà," ni ohùn ọkùnrin náà wí.

Ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Méje."

"Mẹ́fà ni wá."

"Mo ní méje. Ṣé èyí tó wà nínú mi kì í jẹun ni?"

Ẹlòmíràn dá sí i. Ohùn àgbàlagbà. Ẹlòmíràn tún dá sí i. Wọ́n ń jiyàn. Fóònù ń dún.

Mo dúró kí wọ́n fẹnu kò.